Tábìlì tó ń ká mọ́ ògiri: bó ṣe rí gan-an fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé tí yàrá ò fẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń kánjú lè tètè máa bá tiẹ̀ lọ. Mo fún tábìlì yìí ní mẹ́rin nínú márùn-ún, àmọ́ ẹ gbọ́ o, ògiri ilé yín lẹ fẹ́ rà, kì í ṣe tábìlì. Ẹni tí ògiri ẹ̀ bá le dáadáa tó sì jẹ́ láptọ́ọ̀pù ló fi ń ṣiṣẹ́, kó rà á, kó má ṣiyèméjì. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ńlá, printer, àti fáìlì gègèrè, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ẹ wá nǹkan míì.

Ohun tí mò ń sọ ni pákó tí wọ́n fi híńjì so mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ gbé e sókè, apá irin méjì á yọ síta lábẹ́ ẹ̀ láti gbé e ró, tẹ́ ẹ bá ṣe tán ẹ ti apá yẹn wọlé, pákó á sọ̀ kalẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ògiri pẹ́pẹ́. Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe tèmi torí àwọn tó ń ṣe é pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n sì fẹ́ẹ̀ẹ́ jọra tán. Tèmi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, ó jìn tó 60 tó bá ṣí, tó bá wà ní kíká kì í yọ síta ju bíi 10 lọ. Pákó ẹ̀ kì í ṣe igi gidi o, ẹ̀rún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù kì pọ̀ ni, tí wọ́n wá lẹ nǹkan funfun dídán bò ó lójú. Kò burú, ó mọ́ lójú, ó rọrùn láti nù, àmọ́ tómi bá fi lè rọ́nà wọ etí ẹ̀ á wú, tó bá sì ti wú kì í padà sípò mọ́. Ife omi yín, ẹ gbé e síbòmíì.

Kí ló wá dé tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀? Torí àga ni. Èèyàn tó bá fẹ́ gbé ọ́fíìsì sínú yàrá kékeré, tábìlì ló máa ń wọ̀n ṣáá, á ní tábìlì yìí á gba igun yẹn, òótọ́ sì ni, á gbà á, àmọ́ níbo lẹ fẹ́ fa àga sí? Bíi sẹ̀ǹtímítà 75 sí 90 lẹ máa nílò lẹ́yìn tábìlì kẹ́ ẹ tó lè ti àga sẹ́yìn kẹ́ ẹ dìde láìfi ẹ̀yìn àga gbá bẹ́ẹ̀dì. Tábìlì tó jìn ní 60 wá ń jẹ fẹ́ẹ̀ẹ́ tó mítà kan ààbọ̀ nínú yàrá. Èyí tó lẹ́sẹ̀ á dúró gbọin síbẹ̀ tọ̀sán tòru, yálà ẹ ń ṣiṣẹ́ àbí ẹ ń sùn. Èyí tó ń ká yìí ní tiẹ̀, ibi tí àga ń dúró sí yẹn náà ni ojú ọ̀nà, ibẹ̀ náà lọmọ ti ń ṣeré, ibẹ̀ náà lẹ ti ń lọ aṣọ. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń di ọ́fíìsì.

Nǹkan míì wà tí wọn kì í fi polówó ẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló dáa jù lójú tèmi, ìyẹn gíga ẹ̀. Tábìlì ọ́fíìsì tí wọ́n ń tà káàkiri, bíi sẹ̀ǹtímítà 72 sí 75 ni púpọ̀ nínú wọn ga, èèyàn tó gùn díẹ̀ ni wọ́n fi ṣòdiwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá kúrú bíi tèmi, ńṣe lẹ máa gbé èjìká sókè tẹ kíbọ́ọ̀dù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá dalẹ́ ọrùn á máa ro yín, ẹ ó sì ní iṣẹ́ ló pọ̀. Iṣẹ́ kọ́, tábìlì ni. Èyí tá à ń kàn mọ́ ògiri, ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tó máa wà. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ni pé kẹ́ ẹ jókòó sórí àga tẹ́ ẹ máa lò, àga yẹn gan-an o kì í ṣe òmíì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀ dáadáa, kí èjìká wálẹ̀, kẹ́ ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ títí apá á fi wà ní digírì 90, kẹ́nì kan wá fi tẹ́ẹ̀pù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ yín. Ibẹ̀ ló yẹ kí ojú tábìlì wà, tàbí kó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ èèyàn méjì ló fẹ́ máa lò ó, tọ́kan ga tọ́kan kúrú, ẹ bá ẹni tó ga lọ, kí ẹni tó kúrú gbé àga ẹ̀ sókè kó sì wá nǹkan fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó gùn ò lè gé ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa nàró ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa wọ̀n ọ́n, àfi pé ìdúró lẹ máa wà, àmọ́ ẹ rántí pé tẹ́ ẹ bá ti lu ihò tán kò sí ká gbé e sókè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ó wá kan ògiri.

Ẹ gbé korobá omi kan kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan yín, ẹ lè fi rìn lọ rìn bọ̀. Ẹ wá na apá yẹn síwájú gbọnrangandan pẹ̀lú korobá kan náà, ẹ wò ó bóyá ẹ máa ka iye tó dé ogún. Omi ò lé sí i, jíjìnnà tó jìnnà sára ló ń fa èjìká ya. Ohun tójú àwọn skúrù òkè tábìlì yìí ń rí nìyẹn. Wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé ó lè gbé kílò báyìí báyìí, lọ́pọ̀ ìgbà ẹrù tó tẹ́ káàkiri ojú ẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe àgbàlagbà tó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì rọ̀ sétí ẹ̀ tó ń ronú, kì í sì í ṣe ọmọ tó fẹ́ fi gun òkè. Apá irin abẹ́ ẹ̀ yẹn ń ran skúrù lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ ara ògiri náà lòun náà fẹ̀yìn tì, ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń já sí.

Bùrọ̀dá káfíńtà tó bá mi kàn án ò tiẹ̀ wo tábìlì lójú tó fi ń kan ògiri kó-kó-kó kiri. Ó ṣí ọ̀rá skúrù tó bá tábìlì wá, ó mú ẹyọ kan sókè, ó ní "Àǹtí, èyí á gbé fọ́tò kọ́ o, kò lè gbé tábìlì." Òtítọ́ ló sọ. Skúrù yẹn kúrú débi pé tó bá fi máa la pákó àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kọjá, ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ nìkan ló kù tó máa kan búlọ́ọ̀kù. Nǹkan tí mo yọ máàkì kan sí nìyẹn, torí ẹni tí ò bá mọ̀ á kàn gbà pé skúrù tó wà nínú páálí ló yẹ kóun lò, á sì lò ó.

Tó bá jẹ́ kọnkéré tàbí bíríkì tó kì ni ògiri yín, ẹ dúpẹ́. Ẹ lo dríìlì tó ń gbá bí òòlù, ẹ ti fíṣà (ike kékeré tí skúrù máa ń wọ̀ nínú ihò) tó bá skúrù mu wọ ihò, àmọ́ kẹ́ ẹ tó tì í wọlé ẹ fẹ́ ìyẹ̀fun inú ihò yẹn jáde dáadáa, torí tí ìyẹ̀fun bá kún inú ẹ̀ fíṣà ò ní dì mọ́ nǹkan kan, á kàn máa yí pẹ̀lú skúrù ni. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò máa ń gbọ́gbọ́n díẹ̀, ẹ lè lu ihò kó bọ́ sínú òfìfo, fíṣà lásán á já wọlé lọ tàbí kó máa mì. Àwọn fíṣà tó ń ṣí apá nínú ihò bí wọ́n ṣe ń fún skúrù ló dáa fún irú ẹ̀. Èyí tó wá le jù ni ògiri pátákó, ìyẹn gypsum (pátákó funfun tó dà bí ẹfun) tí wọ́n kàn mọ́ igi, bó ṣe pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Pátákó yẹn fúnra ẹ̀ ò lè gbé tábìlì yìí, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, igi tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni skúrù gbọ́dọ̀ wọ̀. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, àlàfo igi kan sí èkejì sábà máa ń jẹ́ íńṣì 16, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 40, ibòmíì á jẹ́ íńṣì 24. Ẹ lè fi mágínẹ́ẹ̀tì wá a, ibi tó bá ti lẹ̀, ìṣó tó wọ igi ló rí. Tí ihò tábìlì ò bá wá bọ́ sójú igi méjèèjì, ẹ wá pákó gidi kan tó nípọn, ẹ kọ́kọ́ fi skúrù kan pákó yẹn mọ́ igi méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá kan tábìlì mọ́ pákó ọ̀hún. Kò ní dáa lójú tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ ó sùn dáadáa.

Ẹ má lu ihò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti swíìṣì o, òkè tààrà sílẹ̀ ni wáyà inú ògiri sábà máa ń gbà. Mo tún fẹ́ sọ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí dáadáa torí kò sẹ́ni tó ń rántí ẹ̀: tábìlì yìí tó bá sọ̀ kalẹ̀, á bo ògiri fẹ́ẹ̀ẹ́ délẹ̀, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wá wà lábẹ́ ẹ̀ tí ṣájà wà nínú ẹ̀, pákó ò ní lè lẹ̀ mọ́ ògiri, á kàn yọ ikùn síta ni. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ohun tẹ́ ẹ sì fẹ́ máa tọ́jú sábẹ́ ẹ̀, agbọ̀n ìdọ̀tí o, páálí ìwé o, ẹ mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ ló ní láti kúrò kó tó ṣeé ká.

Ẹjọ́ tí mo wá fẹ́ fi sùn gan-an kọ́ ni ti skúrù, kíká yẹn ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa ká a lójoojúmọ́, inú yín á máa dùn. Tó bá yá, ìwé kan á wà lórí ẹ̀, ife bírò á wà, fóònù, ṣájà, íyàfóònù, òdòdó kékeré tẹ́nì kan fún yín, ẹ ó bá wo gbogbo ẹ̀ lálẹ́ ẹ ó ní "ó di ọ̀la." Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tó mọ́ yín lára, ẹ ti ní tábìlì lásán tí ò lẹ́sẹ̀, tí agbára ẹ̀ ò tó ti tábìlì gidi. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n tó ra tábìlì yìí kí wọ́n ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan tó kù máa gbé. Ohun tí ọwọ́ méjì ò bá lè kó lẹ́ẹ̀kan kúrò lórí ẹ̀, kó má ṣe jókòó síbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù, kíbọ́ọ̀dù, máòsì, ìwé kan, ó tán, ẹ kó wọn sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan kẹ́ ẹ gbé e sórí pẹpẹ tó wà lókè. Gbogbo èyí tó kù, ara ògiri ni kó lọ: pẹpẹ kékeré kan, pátákó oníhò tẹ́ ẹ lè fi ìkọ́ há nǹkan mọ́, iná tó ní apá gígùn tí wọ́n fi skúrù mọ́ ògiri dípò èyí tó ní ìdí.

Mọ́nítọ̀ náà ńkọ́? Ara ògiri náà ni. Àwọn apá mọ́nítọ̀ tó ń fún etí tábìlì mú ò dáa fún irú tábìlì yìí rárá, wọ́n ń fi ẹrù kún etí, wọn ò sì ní jẹ́ kó ká. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín, ẹ máa rí ihò skúrù mẹ́rin tó ṣe igun mẹ́rin, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni mìlímítà 75 sí 75 tàbí 100 sí 100, VESA ni wọ́n ń pe ìlànà ẹ̀, apá tẹ́ ẹ bá rà gbọ́dọ̀ bá a mu. Àwọn mọ́nítọ̀ kan wà tí ò níhò kankan lẹ́yìn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kówó tó jáde. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú èyí ni pé bí mọ́nítọ̀ ṣe wà lára ògiri, gbogbo jíjìn tábìlì ló wà láàárín ojú yín àti ẹ̀, ìwọ̀n apá kan síra ló sì yẹ kó wà, kó má dín ní bíi sẹ̀ǹtímítà 50. Kí etí òkè ẹ̀ bá ojú yín dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ò ní mọ́nítọ̀ kó wá nǹkan gbé láptọ́ọ̀pù ga, kó sì ra kíbọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, torí láptọ́ọ̀pù tó wà pẹrẹsẹ lórí tábìlì, tẹ́ ẹ bá gbé e sí ibi tó dáa fún ọwọ́, á ba ọrùn jẹ́, tẹ́ ẹ bá gbé e síbi tó dáa fún ọrùn, á ba ọwọ́ jẹ́, kò sọ́nà kẹta.

Kíbọ́ọ̀dù, ẹ ra èyí tí ò ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó pé ní bíi bọ́tìnì 104, èyí tí wọ́n gé ní 87, ẹ ó rí tó sẹ̀ǹtímítà méje, mẹ́jọ gbà padà, máòsì á sì súnmọ́ yín, apá ò ní máa nà jáde. Àfi ẹ̀yin oníṣirò owó o, ẹ̀yin, ẹ má gbọ́ tèmi. Tí láptọ́ọ̀pù yín bá ní ihò USB-C tó lè gbé àwòrán jáde (gbogbo ẹ̀ kọ́ ló lè ṣe é, ẹ wò ó dáadáa) tí mọ́nítọ̀ náà sì gbà á, wáyà kan ṣoṣo á máa gbé àwòrán, á tún máa ṣájì láptọ́ọ̀pù. Alẹ́, ẹ fa wáyà kan yọ, ẹ ti ṣe tán.

Àwọn tábìlì tí jíjìn wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, ẹ kọjá lára wọn. Láptọ́ọ̀pù nìkan ni wọ́n lè gbà, ọwọ́ yín ò ní ríbi sinmi.

Àga, mi ò ní sọ púpọ̀: ẹ má torí pé tábìlì ń ká kẹ́ ẹ wá ra àga tó ń ká tẹ́ ẹ ó fi jókòó wákàtí mẹ́jọ. Ẹ ra èyí tó ń lọ sókè sódò. Tó bá ní apá, ẹ wọ̀n ọ́n bóyá á wọ abẹ́ tábìlì, ẹ sì wo ibi tí apá irin tábìlì ń yọ sí, torí lára àwọn kan orúnkún yín gan-an ló ń yọ sí. Tèmi wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò ní wàhálà.

Kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí igun tẹ́ ẹ yàn yẹn kẹ́ ẹ fi tábìlì èyíkéyìí ṣe mítìnì fídíò kan níbẹ̀. Ẹ ó rí bí Wi-Fi ṣe ń wọlé, torí nínú ìgbì méjì tí Wi-Fi sábà máa ń lò, 5 GHz yára lóòótọ́ àmọ́ kì í la ògiri kọjá tó 2.4 GHz, ẹ ó rí i bóyá fèrèsé wà lẹ́yìn yín tójú yín á fi dúdú lórí kámẹ́rà tàbí ó wà níwájú yín tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á máa gún yín lójú (ẹ̀gbẹ́ ló dáa jù), ẹ ó gbọ́ bóyá ohùn yín ń dún padà bí ẹni wà nínú àmù, tó bá ń dún bẹ́ẹ̀ kọ́tìnì tó nípọn àti kápẹ́ẹ̀tì á gbé púpọ̀ mì nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré, híńjì yẹn lè fún ìka, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan ní nǹkan tó ń jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, tèmi ò ní, pákó náà sì wúwo. Ẹ máa wò ó pé apá irin méjèèjì yọ tán kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan lé e, tí ẹyọ kan ò bá yọ dé ibi tó yẹ, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo nǹkan á dà sílẹ̀. Ó tún máa ń mì díẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ kíbọ́ọ̀dù kíkankíkan, kò dí mi lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó bá ń yàwòrán tàbí tó ń fọwọ́ kọ̀wé púpọ̀ á mọ̀ ọ́n lára.

Irú kan tún wà tó jẹ́ àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ lára ògiri, ìdérí ẹ̀ ló ń wálẹ̀ di tábìlì, pẹpẹ kéékèèké sì wà nínú. Ẹni tí nǹkan wẹ́wẹ́ ẹ̀ bá pọ̀, tí mo mọ̀ pé kò ní lè máa kó o, mo lè ní kó lọ ra ìyẹn, torí ìwé àti bírò lè wà nínú ẹ̀ kó sì pa á dé. Àbùkù ẹ̀ ni pé ó wúwo ju tèmi yìí lọ, ó sì ń yọ síta níbi tí orí àti èjìká ń kọjá, nínú yàrá tó há ẹ ó máa forí sọ ọ́.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ kọ́kọ́ bi onílé bóyá ó gbà kẹ́ ẹ lu ihò. Tí kò bá gbà, tàbí tí ògiri ò ṣeé fọkàn tán, tábìlì tó lẹ́sẹ̀ tó ń ká pẹlẹbẹ lẹ máa rà, ẹ ó máa tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù lálẹ́. Gíga ẹ̀ kì í ṣeé yí padà lára púpọ̀ nínú wọn, torí náà àga lẹ máa fi tún un ṣe. Tó bá sì gbà, ẹ tọ́jú fíṣà àti skúrù tó ṣẹ́kù, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà kẹ́ ẹ tó gbé tábìlì lé e, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde ẹ ó mọ iye tẹ́ ẹ máa dí.